Ibi Tí Ikán Jẹ

Òjò ló fa ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ìran, kì í ṣe àlá.
Òjò oṣù Agẹmọ kan ló gba àjà ilé katikísì àtijọ́ wọlé
ní Àgbádárìgì, lẹ́yìn ọgbà àgbọn,
ó ń kán tó, tó, sórí ìwé orúkọ àwọn tí a rì bọmi.
Mo ránṣẹ́ pe Sẹ̀tónjí káfíńtà.
A ná owó iṣẹ́ títí ẹnu fi kan,
ó gun àkàsọ̀, ó wọ inú òkùnkùn,
ó sì ké sí mi látòkè:
“Akọ̀wé ìjọ, ẹ gbé iná wá. Nǹkan kan ń sùn níbí.”

Agolo bísíkíìtì ni.
Ìpẹtà ti jẹ ojú ọba tí wọ́n yà sára rẹ̀.
Wọ́n fi okùn àwọ̀n dì í yíká-yíká
bí ẹni di ẹrù tí kò fẹ́ kí ará ilé tú.
Ìwé pélébé kan wà nínú rẹ̀,
àwọ̀ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ,
ó ń rùn bí òróró àgbọn tó ti kan.

*Èmi Kesáyà, tí a tà létí omi yìí,
tí mo ti Sáró padà sétí omi yìí,
ni mo kọ ọ́. Àlùfáà kò mọ̀.*

Kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.
Ó kọ “oko” síbì kan, mo dúró lórí rẹ̀ dalẹ́:
ṣé oko baba rẹ̀ ni, ṣé ọkọ tó fi sílẹ̀ ni,
àbí ọkọ̀ tó gbé e lọ?
Mo fi ẹnu tọ́ gbogbo wọn wò. Gbogbo wọn ló korò.

Ní ojú ewé kẹsàn-án ló ti mẹ́nu ba obìnrin
tí wọ́n wọ́ wá síwájú Jésù, òkúta lọ́wọ́ wọn.
*Mo mọ àwọn tó mú un wá. Irú wọn ló mú mi.*
*Olúwa bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ìka kọ̀wé sí ilẹ̀.*
*Àlùfáà ní ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó kọ.*
*Èmi mọ̀ ọ́n. Ìyá afọ́jú kan ní Sáró ló sọ fún mi.*
*Ohun tó kọ ni*

Ikán.
Ihò kan, kò ju ẹnu ìgò lọ,
ó lu ewé mẹ́ta já.

Alàgbà Mautin ní ẹ̀ṣẹ̀ àwọn olókùúta ni, láìsí àní-àní.
Ìyá Ìjọ ní òfin ni, òfin tuntun.
Wọ́n jiyàn títí tíì fi tutù.
Bíṣọ́ọ̀bù ránṣẹ́ láti Èkó: kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́.

Sẹ̀tónjí ń ka ìṣó sínú àpò rẹ̀, kò gbójú sókè.
“Orúkọ rẹ̀ ni,” ó ní.
“Orúkọ ta ni?”
“Ti obìnrin náà. Ẹ ti ń kà á láti kékeré,
ṣé ẹ ti gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ rí?”
Lẹ́yìn náà ló bèèrè ìyókù owó rẹ̀.

N kò sùn lóru ọjọ́ náà.
Mo tú ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin,
mo ń wá ohun tí wọ́n ń pe Kesáyà
kí omi tó bà á lórí, kí ẹ̀wọ̀n tó bà á lọ́rùn.
Kò sí níbẹ̀.
Bóyá òun náà wà nínú ihò.

Wọ́n ti gbé e lọ Èkó báyìí, nínú páálí bàtà.
Wọ́n fún mi ní rìsíìtì: *ìwé kan, ó ti bàjẹ́.*

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo wọkọ̀ sódì kejì ọ̀sà,
mo fẹsẹ̀ rin iyanrìn Gbérẹ̀fú dé ibi tí òkun ti ń pariwo.
Mo bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò ìsìn mi.
Ìka mi wọ iyanrìn, ó dúró síbẹ̀.
Akàn kan jáde, ó wò mí,
ó fẹ̀gbẹ́ rìn kọjá níwájú mi,
ó ń kọ nǹkan lọ tí n kò lè kà.